Àgbà Tó Jẹ Àjẹìwẹ̀yìn

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nílé wa, bí àwọn bàbá bá ń jẹun, àwa ọmọdé a dúró ti ògiri, ojú wa kò ní kúrò nínú àwo ọbẹ̀. Bàbá tó bá ṣẹ́ ẹran kù sísàlẹ̀ àwo, kó tó fọwọ́ kan omi ìṣanwọ́ ni ọmọ mẹ́ta ti ń du àwo yẹn gbé. Èyí tó bá lá tirẹ̀ mọ́ féfé, yóò pè títí, kò ní rí ẹni dá a lóhùn.

Òwe yìí ni mo pa fún àbúrò mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àyíká ní yunifásítì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún Màámi. Wọ́n ń bi mí bóyá wolé-wolé ni mo fẹ́ dà.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní iṣẹ́ ẹni tó ń wẹ̀yìn wò ni: àgbà ń jẹun, ìwọ ń ka òkèlè, o sì ń sọ ohun tó kù nínú àwo, ì báà bí i nínú.

Ẹ wo igbó ọba Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti 1925 ló ti di igbó ọba, ó fẹ̀ ju 130,000 hẹ́kítà lọ, erin sì ṣì ń gbé inú rẹ̀. Àwọn onígẹdú ti gé ìrókò àti ọ̀gànwó ibẹ̀ lọ súà. Ìjọba náà ro apá kan, wọ́n gbin igi Gmelina tó ń yára dàgbà síbẹ̀, kí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópín lè rí igi lò. Igi dàgbà, ilé iṣẹ́ ni kò so èso tí a retí.

Báwo la ṣe ń ka òkèlè igbó? A ó fi téèpù yí igi ká ní ọ̀gangan àyà, mítà 1.3 sókè ilẹ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó fi àmì sára igi náà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ó padà wá wọn ọ́n. Ohun tó fi lé ni èrè tí igbó pa. Ẹni tó bá gé ju èrè yẹn lọ ti ń jẹ ojú owó, ẹni tó ń ṣòwò mọ ibi tí ìyẹn máa ń já sí. Ìwọ̀n yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣírò bí igi ṣe wúwo tó, nítorí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́: nǹkan bí ìdajì ìwúwo igi gbígbẹ ló jẹ́ kábọ̀nù, èròjà tó pọ̀ nínú èédú. Tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 3.67, a ó mọ bí afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná tí igi náà ti gbé mì ṣe pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ìṣirò nìkan kò ṣọ́ igbó rí. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní taungya. Ìjọba á fún àgbẹ̀ nílẹ̀ nínú igbó ọba, kó gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, kó máa ro ìdí ọmọ igi tó wà láàárín wọn. Bí òjìji igi bá ti bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á kó ẹrù rẹ̀. Lórí ìwé, ó dùn. Àgbẹ̀ wo wá ni yóò gbàdúrà kí igi yára dàgbà, nígbà tó jẹ́ pé òjìji rẹ̀ ni yóò lé e kúrò lórí ilẹ̀? Mo ti rí ọmọ igi tó kú ikú àdá, tí wọ́n ní ọ̀yà ló jẹ ẹ́. Ọ̀yà kọ́! Àmọ́ mi ò lè dá wọn lẹ́bi tán.

Ibí yìí ni òwe náà ti jinlẹ̀ ju bí a ṣe ń pa á lọ. A rò pé àánú ni àgbà ń ṣe bó bá ṣẹ́ ẹran kù. Rárá, owó iṣẹ́ ló ń san: ẹni tó jẹ àjẹkù ló ń ru igbá. Ìjọba àti onígẹdú ló jókòó ti àwo. Àgbẹ̀ ló dúró ti ògiri. Bí àgbẹ̀ kò bá rí nǹkan kan nínú igi tó tọ́jú, ẹ̀ṣọ́ igbó mélòó ni yóò ṣọ́ 130,000 hẹ́kítà lóru?

Ti òjò náà ńkọ́? Ọdọọdún ni NiMet, àjọ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń sọ bí òjò yóò ṣe rọ̀. Àgbẹ̀ tó ti fi òjò àkọ́rọ̀ gbin àgbàdo, tí ọ̀dá sì wá jó o, kò fẹ́ gbọ́ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó máa bi ẹ ni pé, “Ṣé kí n gbìn ín lọ́sẹ̀ yìí àbí kí n ṣì ní sùúrù?” Bí o kò bá lè fi Yorùbá tó já gaara dá a lóhùn, padà lọ ka ìwé rẹ.

Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun ti rí bàtà òjò kan tí òun máa rà. Mo ní kó ra téèpù kún un, kó sì mú obì dání fún baálẹ̀ abúlé àkọ́kọ́ tó bá bá nínú igbó, kó tó wọn igi kankan.