Ilé Goa kì í ṣe ti Pọtogí nìkan
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ kọ ìròyìn pé ilé Pọtogí lásán ni àwọn ilé àtijọ́ Goa ní Íńdíà, ṣùgbọ́n mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Pọtogí ṣèjọba níbẹ̀ láti 1510 títí di 1961. Àmọ́ ta ló mọ ilé ọ̀hún? Ọmọ ilẹ̀ náà ni, yangí ilẹ̀ wọn ni wọ́n sì gé fi mọ ògiri. Ẹ tiẹ̀ wo fèrèsé wọn: ọ̀pọ̀ ni kò ní gíláàsì, ìkarahun inú òkun ni wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n tò sáàárín igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, oòrùn ò sì ní ta èèyàn lójú. Àgbàlá àárín ilé ńkọ́? Ó ti wà nílé àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tipẹ́. Ohun tó dé bá a ni pèpéle ìta tí wọ́n ń pè ní balcão, níbi tí onílé ń jókòó wo ẹni tó ń kọjá. (Ẹni tó bá mọ Pópó Àgùdà l'Ékòó á rí ìbátan wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà Brazil ni tiwa gbà wọlé.)

Èyí tí ẹ ò fẹnu bà ni ṣọ́ọ̀ṣì Bom Jesus ní Goa, níbi tí òkú Francis Xavier, ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà, wà. Láyé 1950 sí 1959 ni wọ́n ha ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà kúrò, láti ìgbà náà ni òjò ti ń na yangí ìhòòhò. Kí wọ́n tún un rẹ́ jàre, bí àwọn arìnrìn-àjò tiẹ̀ fẹ́ràn àwọ̀ pupa yẹn nínú fọ́tò.