Ẹ Má Wó Ohun Tó Ṣẹ́ Kù Lára Àwọn Pápá Eré Ọkọ̀ Àtijọ́

Ní Weybridge, ní ẹkùn Surrey tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ògiri kọnkéré kan wà láàrin igi tí ẹni tí kò mọ ìtàn ibẹ̀ lè pè ní ìdídò omi tí wọ́n ti pa tì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣe ń gùn ún lọ ni yóò máa dagun sí i, títí tí ẹsẹ̀ nìkan kò fi ní ràn án mọ́, tí onítọ̀hún yóò ní láti fi ọwọ́ di ilẹ̀ mú kó má baà yọ̀ padà sísàlẹ̀. Ewédò ti bo ojú sìmẹ́ǹtì náà, koríko ti hù ní gbogbo ibi tí kọnkéré kan ti pàdé èkejì, gbòǹgbò igi sì ti gbé òmíràn sókè kúrò ní àyè rẹ̀. Brooklands ni wọ́n ń pe ibẹ̀, pápá eré ọkọ̀ àtijọ́ ni. Orí kọnkéré yìí ni John Cobb ti wa ọkọ̀ Napier-Railton ní 1935, tí eré rẹ̀ lé ní máìlì 143 ní wákàtí kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ títí wọ́n fi ti pápá náà.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò fara sin. Àwọn pápá eré ọkọ̀ àtijọ́ tó ṣẹ́ kù ní ilẹ̀ Yúróòpù àti níbòmíràn jẹ́ ogún gbogbo ènìyàn, wọn kì í ṣe àwókù ibi tí àwọn olówó ti ṣe fàájì lásán. Ìjọba tó bá ní irú rẹ̀ lágbègbè rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi òfin dáàbò bò ó kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà tó dé, kí ó sì jẹ́ kí ará ìlú lè fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ni yóò béèrè pé kí ló kan òfin nínú kọnkéré tó ti sán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn pápá wọ̀nyí lẹ́yìn tí ariwo ẹ́ńjìnnì dákẹ́ ni yóò dá wọn lóhùn.

Hugh Locke King tó ni ilẹ̀ Brooklands kì í ṣe awakọ̀ ìdíje. Ní 1905 ló lọ wo eré ọkọ̀ ní Brescia, ní Ítálì, tó sì rí i pé kò sí ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin àwọn tó ń sáré. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò gbà kí ọkọ̀ sáré ju máìlì 20 ní wákàtí kan lójú títì, kò sì gbà kí wọ́n ti títì nítorí ìdíje, nítorí náà àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò ní ibi tí wọ́n ti lè dán iṣẹ́ ọwọ́ wọn wò. Nígbà tó padà délé, ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ̀nà tí yíyípo rẹ̀ lé ní máìlì méjì ààbọ̀, tó fẹ̀ tó 100 ẹsẹ̀ bàtà, tí igun rẹ̀ sì ga tó nǹkan bí 30 ẹsẹ̀ bàtà. Ìdí tí igun náà fi ga ni pé ọkọ̀ tó bá fi eré wọ igun a máa fẹ́ fò síta, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹ̀gbẹ́ òde igun náà sókè, ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò dì í mọ́ ojú ọ̀nà. Owó tó bá iṣẹ́ náà lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o sí gbèsè tí kò ní lè jáde nínú rẹ̀. Ethel ìyàwó rẹ̀ dúró tì í gbágbáágbá, obìnrin náà ló sì wa ọkọ̀ tó ṣíwájú gbogbo ọkọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí pápá náà, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1907.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí S. F. Edge fi òun nìkan wa ọkọ̀ Napier yípo pápá yìí fún wákàtí 24 gbáko. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, fìtílà pupa ni wọ́n tò sí ojú ọ̀nà kó lè rí ibi tó ń lọ. Ó rin ohun tó lé ní máìlì 1,580 kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, nígbà tí àwọn kan ṣì ń jiyàn pé ara ènìyàn kò lè gba irú rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1913, Percy Lambert wa ọkọ̀ Talbot níbẹ̀, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rin ju 100 máìlì lọ láàrin wákàtí kan ṣoṣo. Kó tó parí ọdún yẹn, ó padà wá síbẹ̀ láti tún sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, táyà rẹ̀ bẹ́, ó sì kú. Kay Petre náà wà, obìnrin tí kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, tó wa ọkọ̀ Delage ràgàjì ní 1935 tí eré rẹ̀ fi lé ní máìlì 134 ní wákàtí kan. A dárúkọ wọn nítorí pé ojú ọ̀nà tí wọ́n sáré lé ṣì wà nílẹ̀, ènìyàn ṣì lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn.

Ogun àgbáyé kejì ló fi òpin sí eré níbẹ̀ ní 1939. Pápá náà di ibi tí wọ́n ti ń ṣe bálùù ogun, wọ́n kọ́ ilé ńlá sójú ọ̀nà tí ìdíje ti máa ń parí, iléeṣẹ́ Vickers sì rà á lẹ́yìn ogun. Nígbà tó yá, wọ́n gé apá kan kúrò lára igun tó wà níhà Byfleet kí bálùù tó bá ń gbéra lè rí àyè kọjá. Lónìí, ọ́fíìsì, ilé ìtajà àti ilé ìṣàfihàn ọkọ̀ Mercedes-Benz ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Bí kì í bá ṣe ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 1991, àti ti àwọn tó ti ń pariwo ṣáájú ìgbà náà pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ohun tó kù, a kò gbà pé ògiri kọnkéré tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ì bá ṣì dúró. Ní 2017, wọ́n parí iṣẹ́ kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní irú pápá yìí lọ wò: wọ́n tú ilé bálùù tí ogun gbé dé náà, wọ́n tún un tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú ọ̀nà tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 77 sì tún rí oòrùn. Wọn kò sọ bálùù nù nítorí ọkọ̀, wọn kò sì sọ ọkọ̀ nù nítorí bálùù. Ìtàn méjèèjì ló rí àyè.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin kí a tètè dìde àti kí a sùn lé ọ̀rọ̀ hàn kedere ní ilẹ̀ Faransé. Ní Rouen-Les-Essarts, ọ̀nà inú igbó tó ń dà wálẹ̀ láti orí òkè ni wọ́n fi ṣe pápá láti 1950. Níbẹ̀ ni Juan Manuel Fangio, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká awakọ̀ ìdíje ọmọ Argentina, ti gba ipò kìíní ní 1957. Níbẹ̀ ni Dan Gurney ti gba ipò kìíní ní 1962 nínú ọkọ̀ Porsche, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí iléeṣẹ́ náà fi ọkọ̀ tó kọ́ fúnra rẹ̀ borí nínú ìdíje àgbáyé Formula 1, ìyẹn ìdíje ọkọ̀ tó ga jù lọ lágbàáyé. Níbẹ̀ náà ni awakọ̀ Jo Schlesser jóná mọ́ ọkọ̀ ní 1968. Nígbà tí eré parí níbẹ̀ ní àárín ọdún 1990 sí 1995, wọ́n wó ibùdó àwọn mẹkáníìkì, wọ́n wó ibi ìjókòó òǹwòran, ó sì di títì bíi títì yòókù. Awakọ̀ tó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí lè dé òpin ọ̀nà náà láìmọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí.

Ẹ wá wo Gueux, abúlé tó wà lẹ́bàá Reims. Pápá tiwọn ti wà láti 1926, títì tó so àwọn abúlé pọ̀ láàrin oko ni wọ́n ń tì pa fún eré. Níbẹ̀ ni Mercedes ti padà sínú ìdíje àgbáyé ní 1954 tó sì gba ipò kìíní àti ìkejì, níbẹ̀ náà ni Fangio ti sá ìdíje àgbáyé tó kẹ́yìn láyé rẹ̀ ní 1958, ọjọ́ kan náà tí ẹ̀mí awakọ̀ Luigi Musso lọ. Ọdún 1966 ni ìdíje àgbáyé wáyé kẹ́yìn níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, òjò ń pa ibùdó mẹkáníìkì, igi ń hù láàrin ìjókòó òǹwòran, wọ́n sì ti wó lára àwọn ilé náà kí àwọn olùfẹ́ pápá náà tó kó ara wọn jọ, tí wọ́n mú àdá, ṣọ́bìrì àti ọ̀dà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Bí ènìyàn bá wa ọkọ̀ láti Reims lọ síbẹ̀ lónìí, yóò kàn ṣàdédé rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, láàrin oko: ibùdó funfun gbọọrọ lápá kan, ìjókòó òǹwòran lápá kejì tó dojú kọ ọ́, àti orúkọ àwọn iléeṣẹ́ epo àti ti táyà tí wọ́n ti fi ọ̀dà tún kọ sára ògiri bó ṣe wà nígbà ayé Fangio. Ènìyàn lè dúró níbẹ̀ bí ó bá ṣe wù ú. Kò sí ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò yẹ kí iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn àwọn tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nìkan. Àgbà ń dé sí wọn, agbára ń tán, òjò kò sì yéé rọ̀. Berlin ti fi hàn pé ìjọba lè ṣe é bó bá fẹ́: pápá AVUS tí wọ́n ṣí ní 1921 ti di títì ńlá A115, wọ́n sì ti wó igun gíga rẹ̀ láti 1967, ṣùgbọ́n òfin dáàbò bo ìjókòó òǹwòran rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ló sì ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní Monza, igun gíga tí wọ́n kọ́ ní 1955 ṣì dúró nínú igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí wọ́n ń lò lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti dábàá pé kí wọ́n wó o. Àwọn tó kọ̀ jálẹ̀ ló jẹ́ kó wà.

Èyí tó dùn wá jù ni ti Jacarepaguá, ní Rio de Janeiro. Níbẹ̀ ni Ayrton Senna, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká awakọ̀ tó jẹ́ ọmọ Brazil fúnra rẹ̀, ti kọ́kọ́ kópa nínú ìdíje Formula 1 ní 1984, níbẹ̀ sì ni awakọ̀ ọmọ Faransé, Alain Prost, ti borí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní 2012 wọ́n hú gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ láti fi kọ́ pápá ìdíje Òlíḿpíìkì. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò kọ́ òmíràn sí Deodoro, àdúgbò mìíràn ní Rio, ìlérí náà kò ṣẹ. A kò sọ pé Òlíḿpíìkì kò dára. Ohun tí a ń sọ ni pé ilẹ̀ náà fẹ̀ tó láti dá igun kan sí, kí ọmọdé tó bá béèrè ibi tí Senna ti bẹ̀rẹ̀ lè rí ohun tí wọn yóò nawọ́ sí.

Àwọn tó ń ta ko èrò wa ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a kò sì ní fojú fò ó. Èkíní ni ariwo. Crystal Palace, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kò jìnnà sí Peckham tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ilé. Ọkọ̀ ń sáré nínú ọgbà náà títí di 1972, àwọn ará àdúgbò sì fi gbogbo ìgbà ń ké pé àwọn kò rí oorun sùn, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún ni ilé ẹjọ́ sì gbà kí wọ́n máa sáré. Wọ́n jàre. Kò sí ẹni tó ń sọ pé kí ọkọ̀ padà wá máa bú ramúramù lójú fèrèsé wọn. Ṣùgbọ́n lára ojú ọ̀nà náà ti di ipa ẹsẹ̀ nínú ọgbà, àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí pápá ìṣeré tó wà láàrin rẹ̀ sì ń gbà á kọjá láìmọ̀ ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Pátákó mélòó kan létí ọ̀nà kò lè dí ẹnikẹ́ni lóorun.

Èkejì ni ikú, èyí ló sì wúwo jù. Ní Monza, ní 1961, awakọ̀ Wolfgang von Trips àti òǹwòran 15 ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn kan gbà pé ibi tí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ta sílẹ̀, kí koríko bò ó ló dára. Àwa kò gbà. Àwọn òǹwòran wọ̀nyẹn kì í ṣe olókìkí. Ẹni tó kú nínú ọkọ̀ ni ìwé ìtàn ń dárúkọ, àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kò padà sílé di òǹkà lásán. Bí a bá wó ibi tí wọ́n kú sí, ibo ni a ó kọ orúkọ wọn sí? Pápá tí a tọ́jú lè sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀: bí wọ́n ṣe fi koríko díndì ṣe odi, bí wọ́n ṣe jẹ́ kí èrò dúró létí ọ̀nà, àti iye ẹ̀mí tó lọ kí àwọn tó ń ṣètò tó yí ọwọ́ padà.

Ní ti ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé, a kò lè sọ pé kí ènìyàn máa sun ìta nítorí kọnkéré. Ṣùgbọ́n ọ̀nà eré kì í gba gbogbo ilẹ̀, ìlà tín-ín-rín ni lójú àwòrán ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sí àárín rẹ̀ lè fi ìlà yẹn sílẹ̀ bí ipa ẹsẹ̀ fún àwọn tí yóò máa gbé ibẹ̀, kí ó dá igun kan sí, kí ó sì kọ ọdún àti orúkọ sí ibi tí ojú ti lè rí i. Èyí ni ohun tí a fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo tó ní irú pápá bẹ́ẹ̀ kọ sínú ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ nísinsìnyí tí ilẹ̀ náà ṣì wà ní àìtà. Kí wọ́n sì yọ owó díẹ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tó ń tún Gueux ṣe àti àwọn bíi tiwọn, owó ọ̀dà, owó igi, owó ẹni tí yóò bá wọn gé gbòǹgbò kúrò lábẹ́ kọnkéré kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.