Lọ́ńdọ̀n tí mo bá yìí, ta ló ni ín gan-an?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo lò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham, wọ́n sì ní ojú ńlá lálejò ní, kò fi ń ríran, torí náà tí mo bá sọ ìsọkúsọ ẹ forí jì mí jàre.

Èmi tí mo ti ń fi òyìnbó dánra wò látinú bààlúù, iṣu, panla àti ata rodo ni mo bá ní Rye Lane, òpópónà ọjà ní Peckham, ìyá kan ń pè mí pé "bọ̀dá, ẹ wá ra iṣu, ó ṣe é gún!" Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni alápatà kan, ará Afghanistan, tó wò mí lójú tó ní ṣàkì àbí pọ̀ǹmọ́? Kò gbọ́ Yorùbá ju ìyẹn lọ o, ṣùgbọ́n òun ló fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ Sunday, bàbá kan tí wọ́n ti débẹ̀ láti 1983 ń ṣàròyé fún wa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pé Lọ́ńdọ̀n ti bàjẹ́, àwọn àjèjì ti pọ̀ jù. Bàbá tó wọ agbádá o! Mo fẹ́ bi wọ́n pé ẹ̀yin náà ńkọ́ sà, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, mo bá gbé e mì.

Ilé kan wà ní Brick Lane tó yẹ kí bàbá yẹn lọ wò. Àwọn Faransé tó sá wá torí ẹ̀sìn ló kọ́ ọ ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ní 1743, nígbà tó yá ó di sínágọ́gù àwọn Júù, ní 1976 àwọn ará Bangladesh sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí, aago oòrùn tí wọ́n kọ 1743 sí ṣì wà lára ògiri ẹ̀ dòní. Kò sí ìkankan nínú wọn tí wọn ò pè lájèjì nígbà tí wọ́n dé. Ìkànìyàn 2021 gan-an ní nínú èèyàn 10 ní Lọ́ńdọ̀n, bíi 4 ni wọ́n bí sókè òkun.

Lójú tèmi, owó ilé ló ń lé èèyàn níbẹ̀, kì í ṣe àlejò. Ilé ìtajà Elephant and Castle táwọn ará Colombia àti Ecuador ti ń pàtẹ, wọ́n tì í pa ní 2020, wọ́n wó o láti kọ́ ilé tuntun. Ní Rye Lane náà, kọfí olówó gọbọi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onípọ̀ǹmọ́. Mo rà á mu sha, ó dùn, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tí mo bá tún ń bọ̀ kí n tètè wá, ìyá oníṣu yẹn ti gba lẹ́tà àfikún owó ṣọ́ọ̀bù.