Ta ló ní mẹ̀kúnnù ò fẹ́ràn igi?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí mi nínú: téèyàn bá ti kúrò ládùúgbò olówó tó bọ́ sí ti mẹ̀kúnnù, ẹnìkan á ṣáà sọ pé "àwọn wọ̀nyí ò kúkú fẹ́ràn igi, ẹ wo bí ibí ṣe rí gbalasa." Irọ́ ni o. Èmi náà ti gbà á gbọ́ rí.

Ẹ wo Detroit ní Amẹ́ríkà. Láàárín 2011 sí 2014, wọ́n ń gbin igi síwájú ilé àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, síbẹ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ní àwọn ò fẹ́. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ dúró ná. Nígbà tí olùwádìí kan bi wọ́n léèrè, wọ́n mọ̀ pé igi dáa, ohun tó ń dùn wọ́n ni pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé irú igi wo lẹ fẹ́, tí ewé bá sì ń já, tí ẹ̀ka bá dá, àwọn náà ni wọ́n máa gbá a. Àwọn àgbà wọn ò sì tíì gbàgbé pé lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ nílùú náà ní 1967, ìjọba wá gé igi àdúgbò. Ìjọba ní àrùn ń pa igi elm, àwọn ará àdúgbò ní kí hẹlikópítà lè máa ṣọ́ àwọn látòkè ni. Ẹ gé tàkọ́kọ́ láìbi wọ́n, ẹ tún wá ń gbin òmíì láìbi wọ́n!

Ibi tígi wà, owó ló yàn án. Láwọn ọdún 1930, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan kun àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní pupa lórí máàpù, pé ó léwu láti yá wọn lówó, ó sì ṣòro fún wọn láti ráwó ilé yá. Ìwádìí 2020 wo ìlú 108: nínú ìdá 94 lọ́gọ́rùn-ún wọn, ibi tí wọ́n kùn yẹn ṣì ń gbóná ju ibòmíì lọ, ní ìpíndọ́gba pẹ̀lú 2.6°C, igi tí ò tó sì wà lára ohun tó fà á. Ibi tí ògiri ilé ti fẹnu ko títì, níbo ni gbòǹgbò fẹ́ gbà?

Tí ewéko bá wá dé ńkọ́? New York ṣí High Line, ọgbà tí wọ́n ṣe sórí ojú irin àtijọ́ kan tó wà lókè títì, ní 2009, owó ilé àyíká ẹ̀ sì fò sókè. Ayálégbé tó gbọ́ irú ìyẹn, tẹ́ ẹ gbé igi wá bá, tó kọ́kọ́ ń béèrè pé èló ni owó ilé máa dà, ẹ tún máa ní kò fẹ́ràn igi?