Ọlọ́pọlọ Mẹ́jọ Ń Wá Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn, arákùnrin kan tó wọ agbádá àrán fa àga rẹ̀ kúrò láàárín ẹbí, ó lọ jókòó sẹ́bàá ògiri, níbi tí atẹ́gùn kò dé. Mo rò pé wọ́n ti ṣẹ̀ ẹ́ ni. Àṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn náà ló lọ ń ṣọ́. Wọ́n gbé àmàlà kọjá, kò wò ó. Wọ́n ná owó fún ìyàwó, kò dìde. Nígbà tí mo kí i, ó na fóònù rẹ̀ sí mi bí ẹni tó ń fi ìwé oyè hàn: "Ẹ̀gbọ́n, octa-core ni o! Ọpọlọ mẹ́jọ!" Aago méjì ọ̀sán ni o. Bátìrì ọlọ́pọlọ mẹ́jọ ti ku 4%.

Nígbà kan rí, aṣọ la fi ń mọ ẹni tó rí jájẹ. Lẹ́yìn náà ó di mọ́tò. Ní báyìí, core, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù, la ń kà. Ẹ dé Computer Village ní Ìkẹjà kí ẹ gbọ́. Ọmọkùnrin tó ń ta fóònù kò ní sọ iye wákàtí tí bátìrì máa lò. Core ló máa kọ́kọ́ kà sí yín létí bí ẹni ń ka orúkọ olorì ọba. "Alhaji, mẹ́rin ti di tàwọn ọmọ iléèwé. Mẹ́jọ ni kí ẹ mú." Alhaji á sì mú mẹ́jọ. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Àwòrán òdòdó pupa tí wọ́n kọ "Ẹ káàárọ̀" sí lára, tó máa ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí láago márùn-ún ìdájí.

Àṣà yìí kò tíì pẹ́. Ní 2011 ni LG gbé Optimus 2X jáde, fóònù àkọ́kọ́ tó ní core méjì. Nígbà tó di ọdún kejì, HTC One X ti dé mẹ́rin, pẹ̀lú ìkarùn-ún kékeré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ní 2013, Samsung fọn fèrè mẹ́jọ lórí àwọn kan nínú Galaxy S4. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mẹ́rin alágbára, mẹ́rin oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, ṣùgbọ́n wọn kò lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀: tí mẹ́rin bá jí, mẹ́rin á sùn. Ilé ọlọ́mọ mẹ́jọ tó jẹ́ pé bàtà mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀ nìyẹn; bí mẹ́rin bá lọ òde, mẹ́rin á ṣọ́lé. Kí ọdún náà tó parí, MediaTek, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ṣíìpù tí core wà nínú rẹ̀, ní mẹ́jọ tòun ni ojúlówó, gbogbo wọn ló ní bàtà. Ọ̀gá kan ní Qualcomm, orogún MediaTek, sì fi mẹ́jọ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ìwà òmùgọ̀ ni. Ní oṣù kejì 2014, Qualcomm kéde mẹ́jọ tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2015, MediaTek ti dé mẹ́wàá. Lọ́dún yẹn kan náà ni iPhone 6s jáde pẹ̀lú méjì péré, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pọlọ mẹ́jọ kò sì lè bá a sáré.

Ẹ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ "ọpọlọ" yẹn dáadáa o. Bí àmì bá yẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́jọ lẹ rà. Ó sì lè jẹ́ òun gan-an ni, nítorí ọ̀pọ̀lọ́ kì í jìnnà sómi, bí fóònù yìí kì í ti í jìnnà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Kí n má purọ́ mọ́ core ṣá. Core tó bá ń sùn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná. Láti 2011 ni ARM, ilé iṣẹ́ tó ń ya àwòrán core, ti ṣètò pé kí àwọn oníwọ̀ntúnwọ̀nsì máa jẹ́ iṣẹ́ kéékèèké, kí wọ́n jí àwọn alágbára fún iṣẹ́ ńlá bíi géèmù. Ọgbọ́n gidi ni. Ta ní ń pe aláàárù mẹ́rin láti gbé ìgò omi kan? Eré àsápajúdé ló ń pa bátìrì. Kí core tó lè sáré sí i, fólítéèjì rẹ̀, ìyẹn agbára tó ń ti iná, gbọ́dọ̀ ga sí i. Bí fólítéèjì bá sì di ìlọ́po méjì, kódà kí eré má yí padà, iná tó ń jẹ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ti ojú fóònù tí ẹ tàn bí oòrùn ọ̀sán ńkọ́? Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Bí òpó wọn bá jìnnà, ńṣe ni fóònù á máa pariwo bí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ láti òdìkejì odò. Ọgọ́rùn-ún core kò rí ti ìyẹn ṣe.

Ní 2000, 900 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà) ni bátìrì Nokia 3310, ó sì ń lo ọjọ́ púpọ̀. Lónìí a gba 5000, a tún so páwà báǹkì tó wúwo bí ọmọ ọlọ mọ́ ọn, a fi wáyà kọ́ ọrùn bí dókítà. Èmi náà ní ọ̀kan. Láti Ọjọ́bọ̀ lòun fúnra rẹ̀ ti kú.

Ká padà sóde wa. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, epo jẹnẹrétọ̀ tán. Sọ́kẹ́ẹ̀tì di ihò ara ògiri. Alágbàdá wa rọra rìn wá bá màmá àgbà kan nídìí tábìlì wa, tó fi fóònù olótọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń wá bàtà lábẹ́ àga.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ìyàwó mi. Fóònù mi ti kú."

"Kò burú. Ka nọ́ńbà rẹ̀."

Ó la ẹnu, ó pa á dé. "Inú fóònù ló wà, mà."

Màmá gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, ó tan án sí i lójú. "Ṣé ìwọ kọ́ lo ń pariwo ọpọlọ mẹ́jọ láti àárọ̀? Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ kan tó mọ nọ́ńbà ìyàwó ẹ?"