Ẹ Wá Gbọ́ Bó Ṣe Dákẹ́

Bó o bá rí bọ̀ọ̀dá wa kan nítòsí ọjà Àtakúnmọ̀sà, ní Iléṣà, tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ ara rẹ̀, má rò pé ìrun ló fẹ́ kí. Áńpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn orin lágbára, ló tàn sílẹ̀. Ó ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ti ń yáná, wọ́n ní kò tíì tó lò.

Tòkunbọ̀ ni, àmọ́ má pè é bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀ o. Fíńtéèjì ló ń jẹ́. Mọ́tò àti fíríìjì àwa mẹ̀kúnnù ni tòkunbọ̀. MC275 lèyí, tí ilé iṣẹ́ McIntosh kọ́kọ́ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1961: wáàtì 75 lápá òsì, 75 lápá ọ̀tún, gílóòbù ńlá mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní KT88 tò lórí rẹ̀ bí ìgò àgbo. Àwọn bàbá wa Òṣómàáló lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọn ò dìde àfi tówó aṣọ bá pé. Ọmọ wọn ló wá ń to mílíọ̀nù lé irin tí òyìnbó ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ sí àjà.

Mo ní kí wọ́n fi orin sí i ká gbọ́.

"Orin kẹ̀? Àbúrò, kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe dákẹ́ ná."

Àgbà márùn-ún jókòó, a ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Ẹnì kan tiẹ̀ ń mi orí.

Nígbà tó yá, ó gbé àwo Haruna Ishola kan lé e. Kò tíì dún dáadáa tó fi gbé abẹ́rẹ́ kúrò. "Ẹ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn lápá òsì?" Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ àwo ayé àtijọ́ ni, ojú kan ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀. Ohun tí sípíkà òsì ń sọ náà ni tọ̀tún ń sọ. Èmi náà gbọ́ ọ, kí n má parọ́. Iyán ń bọ̀ lọ́nà, ta ló fẹ́ bá onílé jiyàn?

Wáàtì ni àwọn aláńpílífáyà fi ń figa gbága. Ẹni tó ní 50 ò lè sùn àfi tó bá rí 100. Ẹ sì wò ó, ìlọ́po méjì wáàtì, desibẹ́ẹ̀lì 3 péré, ìyẹn òṣùwọ̀n ariwo, ló ń fi kún ohùn. Etí á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n lára ni. Kí ohùn tó rinlẹ̀ ní ìlọ́po méjì létí ẹni, àfi kí wáàtì di ìlọ́po 10. Sípíkà tó bá ń fi wáàtì kan dún tó desibẹ́ẹ̀lì 90, wáàtì kan yẹn ti tó láti jí ọmọ ọwọ́ nínú pálọ̀. Àwọn 74 yòókù nínú 75 kàn jókòó, wọ́n ń gbàlejò. Ta ló tiẹ̀ béèrè sípíkà? Wọ́n á wá áńpílífáyà bí ẹni ń wá ìyàwó, wọ́n á wá fi sípíkà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti pa tì sí i nídìí.

Ọ̀rẹ́ bọ̀ọ̀dá kan ní Ifẹ̀, lọ́nà Lágere, kò tiẹ̀ dé ìdí sípíkà. Iná fóòtì 120 ti Amẹ́ríkà ni áńpílífáyà tirẹ̀ ń jẹ. Kò ra táńsífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀, ó kàn tì í bọ iná 240 tiwa. Orin kan ṣoṣo ló kọ: pọ́ọ̀! Títí dòní ló ń sọ fáwọn èèyàn pé kapásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná nínú ẹ̀rọ, tó ti gbẹ ló fà á. Kapásítọ̀ àtijọ́ máa ń gbẹ lóòótọ́, àmọ́ tirẹ̀ ò ráyè gbẹ.

Orí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ la ṣì wà tí wọ́n mú iná lọ. Ọmọ ilé fa jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé, ló bá ń bú ramúramù. Ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n fi mílíọ̀nù rà, ó parí síbẹ̀.

Màmá wọn gbé omi wọlé, wọ́n dúró wo gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ṣé kì í ṣe irú èyí ló wà nínú rédíógíráàmù bàbá yín, tẹ́ ẹ tà fún onírin?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Níta, ọmọkùnrin kan tó ń ra irin àtijọ́ ń ti báró rẹ̀ bọ̀, ó ń kígbe. Bọ̀ọ̀dá dìde wéré, wọ́n lọ ti ilẹ̀kùn.