Èsì wa sí ìràwọ̀ kan tí ẹ fún wa nítorí hóònù

Ẹ ṣé tí ẹ wá àyè kọ̀wé nípa ṣọ́ọ̀bù wa tí a ti ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ọ̀gá. A ti rí ìràwọ̀ náà.

Ohun tí ẹ kọ ni pé ẹ gbé ọkọ̀ wá torí hóònù tí kì í dún bí òjò bá ti rọ̀, pé a gbowó, pé òjò kan ṣoṣo ló tún rọ̀ tí hóònù fi yadi padà, pé “ọmọdé ni wọ́n fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́.” Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ro tiwa, kí àwọn tó ń kà á má baà di agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá.

Ẹni tí ẹ pè ní ọmọdé yẹn ti lo ọdún 9 nídìí wáyà ọkọ̀. Ó kéré lójú ni. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé lẹ dé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ni. Kò fọwọ́ kan hóònù yín títí ó fi wo fíùsì. Fíùsì ò jó. Ó ní kí ẹ tẹ hóònù, ó gbọ́ “kẹ̀” nínú relay (suíìṣì kékeré tó ń gbé iná lọ sí hóònù), ó mọ̀ pé bọ́tìnnì ojú sítíárì kọ́ ló lẹ́jọ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ́sítà (iná kékeré tí a fi ń dán wáyà wò) mọ́ negative bátìrì, ó kan orí rẹ̀ mọ́ wáyà iná hóònù, tẹ́sítà tàn yòò. Ó gbé ẹsẹ̀ náà kúrò níbẹ̀ lọ sórí wáyà earth hóònù (èyí tí iná ń gbà padà sí bátìrì), iná tẹ́sítà di pupa rúsúrúsú. Ojú yín ló ṣe. Hóònù kan ń mu tó ámpù 4 tàbí 5 nígbà tó bá ń dún. Earth tí kò lè tan tẹ́sítà dáadáa, báwo ni yóò ṣe gbé hóònù? Ìgbà tó tú hóònù àtijọ́ tó mì í, gbogbo wa la jọ gbọ́ omi nínú rẹ̀.

Hóònù tí ẹ rà wá fúnra yín la fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ ò kọ ìyẹn. Èyí tó ká kò bí ìgbín ni, tó lẹ́nu gbòòrò. Irú rẹ̀, ilẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí, kí omi tó bá wọ̀ ọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ ní ká kọ ẹnu rẹ̀ sókè kí ohùn rẹ̀ lè lọ jìnnà. Ọmọ wa ní rárá, ó dorí rẹ̀ kodò. Ó fi sáńpépà ha ìpẹtà ojú earth, ó ní wáyà yẹn fúnra rẹ̀ ti ń jẹra, ó yẹ ká pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ní ẹ ń kánjú. Kó tó di aago 10 ẹ ti ń lọ, ẹ tẹ hóònù lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu géètì, ó dún débi pé aládùúgbò wa jáde wá bínú.

Ọjọ́ Ẹtì, òjò rọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ẹ padà wá, èmi fúnra mi ni mo ṣí iwájú ọkọ̀. Ẹnu hóònù wà lókè! Bóòtù la fi dè é, kì í dá yíra padà. Ẹ ní “ẹnì kan ló bá mi tún un ṣe díẹ̀.” Ẹnì kan yẹn ò gba ìràwọ̀ kankan. Mo ní kí ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọ̀sán, ẹ bínú lọ.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á, hóònù méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀kan ohùn òkè, ọ̀kan ohùn ìsàlẹ̀. Tí ohùn bá ṣàdédé tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn òjò, ọ̀kan ti kú. Tó bá kọ̀ nínú òjò, tó tún dún nígbà tí oòrùn ràn, ẹ tètè gbé e wá kí inú rẹ̀ tó dípẹtà. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ omi alágbára fọ iwájú ọkọ̀ níbi tí hóònù wà. (Ọ̀gá, ẹ má bínú, a rí ọṣẹ tó gbẹ mọ́ tiyín.)

Ibi tí a ti jẹ̀bi nìyí: ó yẹ kí ọmọ wa kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé ẹ kọ̀ ká pààrọ̀ wáyà earth. Kò kọ ọ́. Mo ti bá a wí.

Nítorí náà, ẹ gbé ọkọ̀ padà wá. A ó fi wáyà earth tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́, a ó fi gíríìsì sí ojú ibi tí wáyà ti wọ hóònù, a ó sì tún dorí rẹ̀ kodò. Hóònù fúnra rẹ̀ la ò ní fún yín, torí kì í ṣe ọwọ́ wa lẹ ti rà á. Bí ẹ bá dé géètì, ẹ má ṣe wàhálà pé ẹ ń tẹ hóònù. Ẹ ṣáà kan ilẹ̀kùn.